Àlùmọ́gàjí Má-Fọwọ́-Kàn-Án

Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni gbogbo òpópónà ń pe aránṣọ náà, kì í sì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí oníbàárà tuntun máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kó tó gbọ́ "ẹ káàbọ̀." Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tó fẹ́ gbé àpò rẹ̀ lé tábìlì ìgéṣọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì súnmọ́ àlùmọ́gàjí dúdú gbọọrọ tó wà lórí aṣọ tí a ká sí mẹ́rin, aránṣọ náà yóò ti sọ ọ́ láìgbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ: "Má fọwọ́ kàn án."

Àlùmọ́gàjí náà jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá náà, ogójì ọdún ló sì fi gé aṣọ. Nígbà tí ìka rẹ̀ kò lè tẹ̀ dáadáa mọ́, ó fi aṣọ wé irin náà, ó gbé e lé àkọ́bí rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Aṣọ nìkan." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ náà kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé aṣọ kì í gé bébà. Kì í gé irun, kì í gé okùn, a kì í fi í ṣí agolo. Ẹni tí kò ránṣọ rí lè pe èyí ní àṣejù. Ẹni tó bá ti fi irin tó gé bébà gé ṣẹ́dà rí yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ẹnu irin náà, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ìṣó tó so apá méjèèjì pọ̀, àlàfo kan wà, ó rí bí ibi tí eyín ọmọdé ti yọ. Àbúrò aránṣọ náà ló dá a sí i. Wáyà ló fi gé.

Kò sí oníbàárà tí kò mọ ìtàn náà. Aránṣọ á gbé irin náà sókè sí ojú fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú àlàfo kọjá. "Ṣé ẹ rí i? Wáyà ni. Lọ́jọ́ tí ìyá wa kú gan-an. Mo ní, 'Kí lo fi irin ìyá wa ṣe?' Ṣé ẹ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó ní, 'Sísọ́ọ̀sì lásán ni.' Lásán." Níbi ọ̀rọ̀ yìí ló ti máa ń pòṣé, òṣé gígùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá.

Olùkọ́ kan wà, obìnrin tí kì í lè pa ohun tó bá rò mọ́ra. Ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí ẹ rán búláòsì mi, ẹ tún sọ ọ́ nígbà tí ẹ rán síkẹ́ẹ̀tì."

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

"Rárá o."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀ nígbà náà."

Ọdún mẹ́jọ ló fi sọ ọ́. Ìbínú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń pariwo. Ó dà bí ẹ̀yinná tí a fi eérú bò, tí ẹni tó bò ó tún ń jí láràárọ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì gbóná. Ibùdókọ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín ilé òun àti ti àbúrò rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, wọn a kí ara wọn bí akọ̀wé méjì tí ń du ipò kan náà.

Nítorí àlàfo yẹn, aránṣọ náà kì í ṣí àlùmọ́gàjí tán nígbà tó bá ń gé aṣọ. Bí ó bá ṣí i tán, ẹnu irin yóò pàdé níbi àlàfo, yóò sọ "kẹ́," aṣọ yóò sì há síbẹ̀. Nítorí náà, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń lò, ó ń gé kúkúrú kúkúrú. Ibi tí ìgé kan ì bá tó, mẹ́ta ló ń gé. Ọkọ rẹ̀ ti ra òmíràn fún un láti ọdún kejì. Tuntun ni, ó ń dán, ó sì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Nígbà tí ọdún kẹjọ wọlé, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó fi òróró pa á, ó fi aṣọ dì í, ó bínú sí i. Nígbà tí bọ́tìnnì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan, ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú oríkèé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ le ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ní kó ṣe bí ẹni tí ń gé aṣọ. Aránṣọ na ọwọ́, ó gé afẹ́fẹ́.

"Ẹ ṣí ọwọ́ dáadáa, mà."

"Bí mo ṣe ń ṣí i nìyí."

"Kò ṣí tán. Ṣóńṣó ni ẹ fi ń gé. Ìdí irin ni agbára wà, ẹ̀yin sì sá fún ibẹ̀. Ta ló kọ́ yín báyìí?"

"Àbúrò mi."

"Aránṣọ ni àwọn náà?"

"Ọ̀daràn ni."

Nọ́ọ̀sì náà kọ nǹkan sínú ìwé, ó lè jẹ́ pé bí ó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ṣe kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló fi kálámù sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi, mà. Bí ẹ bá ń gé e báyìí lọ, ọdún yìí ò ní parí kí ìka yẹn tó kọ̀ láti di abẹ́rẹ́ mú. Kì í ṣe ìrora ni mo ń sọ. Mo ní kò ní dì í mú mọ́."

Ó rántí gbólóhùn yẹn dé ilé, ó sì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé ọkọ náà ló sọ ọ́. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni títún páìpù omi ìlú ṣe. Ó jẹ́ ẹni tí kì í lè jókòó ti ọ̀rọ̀ tó le láìbu ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ó ní, "Lo èyí tó wà lára ìṣó."

"Irin ìgéwébẹ̀ nìyẹn."

"Mo dúpẹ́. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi rìn kí n tó rí irin ìgéwébẹ̀ yẹn rà." Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Gbé ti màmá lọ sọ́dọ̀ Baba Apọ́nbẹ nígbà náà, kó bá ọ lọ̀ ọ́."

Aránṣọ mi orí.

"Kí ló dé?"

"Bí ó bá lọ̀ ọ́, àlàfo á lọ."

"Ṣé ohun tí à ń wá kọ́ nìyẹn?"

"Kí ni màá wá fi hàn?"

"Kí o fi han ta? Ìyàwó mi, adájọ́ wo ló ń bọ̀? Ọdún mẹ́jọ ni ẹjọ́ yìí ti wà nílẹ̀. Ìwọ ni olùpẹjọ́, ìwọ ni ẹlẹ́rìí, ìwọ náà ni ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹ̀rí. Ẹni tí o pè lẹ́jọ́ ti lọ sílé rẹ̀ tipẹ́, ó ń sùn."

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ó ń sùn."

Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè fọ́," ni aránṣọ wí. "Ẹ wá wo ibi tó ti fọ́."

Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì, ó gbé irin náà lọ. Ibi iṣẹ́ Baba Apọ́nbẹ kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn méjì lọ. Òkúta roboto kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ yí, agolo tí a lu ihò sí nídìí sì rọ̀ sókè rẹ̀, omi ń kán láti inú rẹ̀ sórí òkúta. Arúgbó náà gba àlùmọ́gàjí láìwo ojú ẹni tó gbé e wá. Ó ṣí i tán, ó pa á dé, ó gbọ́ "kẹ́."

"Kí ni wọ́n fi èyí gé?"

"Wáyà. Àbúrò mi ni, Baba. Lọ́jọ́ tí ìyá wa…"

"Wáyà ti tó. Mi ò béèrè ìtàn."

Aránṣọ gbé ìbínú yẹn mì. "Ẹ bá mi mú àlàfo yẹn kúrò. Àlàfo nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan ìyókù."

Baba Apọ́nbẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò ní eyín púpọ̀ mọ́. "Àlàfo kì í ṣe ìdọ̀tí tí à ń nù kúrò, aránṣọ. Ohun tí kò sí ni. Mo lè mú ohun tó wà kúrò. Báwo ni màá ṣe mú ohun tí kò sí kúrò? Bí o bá fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ dọ́gba, gbogbo ìyókù ni màá lọ̀, títí yóò fi wálẹ̀ bá ìsàlẹ̀ àlàfo yẹn. Irin á dín. Kò ní rí bí ó ṣe rí mọ́."

"Kí ìyókù wá jìyà nítorí àlàfo kan?"

"Irin kì í jìyà. Wo àtàǹpàkò rẹ."

"Irin ìyá mi ni. Òkúta ò kàn án rí."

"Ta ló sọ fún ọ? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ̀ ọ́. Ìyá rẹ ló gbé e wá. Ó gé píìnì mọ́ aṣọ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, ó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì."

"Ìyá mi kì í gé píìnì."

"Ó gé e. Ó sì bú mi, bí o ṣe fẹ́ bú mi yìí. Nígbà tó bú mi tán, ó ní, 'Lọ̀ ọ́.'"

"Bí kì í bá ṣe pé ẹ dàgbà, Baba, ǹ bá ní irọ́ lẹ ń pa."

"Ìyá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀," ni Baba Apọ́nbẹ wí, ó sì na irin náà padà sí i.

Ojú ọ̀nà ni aránṣọ ti bá ara rẹ̀ dá májẹ̀mú. Bí irin bá máa dín, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé òun ló fà á. Bí àbúrò bá lè wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi," òun yóò jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rò pé ohun kékeré ni òun ń béèrè, èrò náà sì tún bí i nínú, nítorí pé wọ́n ti fi ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ dù ú fún ọdún mẹ́jọ.

Alágbàfọ̀ ni àbúrò rẹ̀, ilé ìyá wọn ló sì ń gbé. Ó dúró sí pálọ̀, ó ń lọ aṣọ ibùsùn funfun, ooru áyọ́ọ̀nù sì gba gbogbo yàrá.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ẹ kì í wá síbí bí ẹnìkan ò bá kú."

Aránṣọ tú aṣọ ara àlùmọ́gàjí, ó gbé e kalẹ̀ sórí aṣọ funfun náà. "Mo fẹ́ kí Baba Apọ́nbẹ lọ̀ ọ́. Kó tó lọ̀ ọ́, mo fẹ́ kí o bẹ̀ mí."

Àbúrò gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Kí n bẹ̀bẹ̀ nítorí sísọ́ọ̀sì?"

"Bí o bá tún pè é ní lásán…"

"Mi ò pè é ní lásán lónìí. Ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀n láti ọdún mẹ́jọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ránṣẹ́ sí yín láti ilé ìwòsàn pé kí ẹ máa bọ̀. Kí lẹ ní kí wọ́n sọ fún mi?"

Aránṣọ ká aṣọ tó tú lára irin náà sí méjì.

"Ẹ ní ẹ ń ṣẹ́ etí aṣọ oníbàárà kan lọ́wọ́, ẹ ń bọ̀. Aago mọ́kànlá ni màmá béèrè yín. Wọ́n ní, 'Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?' Mo ní ẹ ti wà lójú ọ̀nà. Mo purọ́ fún ẹni tó ń kú lọ. Kò tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìyẹn. Mo sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù yín láti sọ fún yín. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ ò sí níbẹ̀. Ọ̀nà kejì lẹ gbà lọ. Mo fẹ́ kí àwòrán màmá wà lára ògiri kí èèyàn tó dé, wáyà tí mo mú dání sì gùn jù. Ohun tó wà lórí tábìlì yín ni mo gbé."

"O ò mọ̀ pé…"

"Mo mọ̀. Ọmọ aránṣọ lèmi náà. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó gé e, mo sì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń gé e. Inú ló ń bí mi. Mo fẹ́ kí ohun kan tó jẹ́ tiyín náà bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn." Ó tún mú áyọ́ọ̀nù. "Bí mo bá bẹ̀ yín, irọ́ ni màá pa. Mo ti pa irọ́ kan nítorí yín. Mi ò ní pa ìkejì."

Aránṣọ gbójú sókè. Àwòrán ìyá wọn wà lókè ilẹ̀kùn. Wáyà náà hàn ní etí férémù, àbúrò ti lọ́ orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ra bí ẹni tó mọṣẹ́. Kò tíì já láti ọjọ́ náà.

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," ni aránṣọ wí. "Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

"Ta ló gbàgbé? Ẹ rò pé mò ń sùn ni?"

Ó wé irin rẹ̀ padà. Kò rántí bí ó ṣe kúrò níbẹ̀, àfi pé nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, àbúrò ní, "Ẹ bá mi kí ọkọ yín," ó sì fèsì pé, "Yóò gbọ́," nítorí pé ìyá wọn ti kọ́ àwọn méjèèjì dáadáa.

Ní ibùdókọ̀, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Inú ń bí i. Ọkùnrin kan jókòó lápá kejì, ó gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán sáàárín orúnkún. Aránṣọ yíjú sí i, ó la ẹnu láti sọ ìtàn náà, bí ó ṣe máa ń sọ ọ́. "Àbúrò mi…" Ó dúró. Kò mọ ibi tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Bí yóò bá sọ ti wáyà, yóò kọ́kọ́ sọ ti etí aṣọ. Yóò sọ pé aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, pé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló kù nínú etí rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá pè é, pé oníbàárà náà kò tilẹ̀ wá mú aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ló tó dé.

"Kí ló ṣe é?" ni ọkùnrin tó gbé àga náà béèrè.

"Kò ṣe nǹkan kan," ni ó wí, ó sì pa ẹnu dé.

Àwọn àgbà ní inú bíbí kò mọ̀ pé olúwa rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fún ọdún mẹ́jọ, nǹkan méjì ló mọ̀ ọ́n ṣe sí ìbínú rẹ̀: kó bọ́ ọ, tàbí kó lé e jáde. Ní ọ̀sán yẹn, kò ní okun fún èyíkéyìí. Ó jẹ́ kó jókòó tì í, bí èrò tí ń dúró de ọkọ̀. Inú ń bí i sí àbúrò rẹ̀, àbúrò kò sì ní bẹ̀bẹ̀. Inú ń bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ béèrè rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, kò sí ibi tí wọ́n lè gbà mú un kúrò. Ohun tí kò sí ni. Ó sunkún díẹ̀. Ọkùnrin náà wo apá ibòmíràn, ọmọlúàbí ni.

Ọkọ̀ tó ń lọ sí àdúgbò rẹ̀ dé, kò wọ̀ ọ́. Ó dìde, ó padà sọ́dọ̀ Baba Apọ́nbẹ.

"O ti bú mi tán?"

"Mo ti bú yín tán, Baba."

"Kí n lọ̀ ọ́?"

"Ẹ lọ̀ ọ́."

Arúgbó náà tú ìṣó, ó ya apá méjèèjì sọ́tọ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta. Omi dúdú ń ṣàn sílẹ̀. Aránṣọ dúró tì í bí ọlọ́pàá.

"Ẹ má lọ̀ ọ́ jù o."

"Jókòó."

Kò jókòó. Àlàfo náà kéré bí hóró ìrẹsì, ó kéré bí orí píìnì, ó wá ku ìlà kan péré, tín-ín-rín bí òwú.

"Ẹ dúró, Baba."

Ẹsẹ̀ dúró. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìlà náà títí tí òkúta fi dẹ́kun yíyí pátápátá. Omi ń kán.

"Ẹ máa lọ̀ ọ́ lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ yẹn gbé aṣọ tuntun wá. Ó jókòó, ó ń retí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan, ó ní, "Ìtàn ńkọ́ lónìí?"

"Àlàfo ti lọ."

"Ẹ kú oríire. Inú yín ti rọ̀ nìyẹn."

"Ta ló sọ fún yín? Inú ń bí mi. Ẹ gbé apá sókè kí n wọ̀n yín."

Ìka rẹ̀ kò tíì sàn tán, ṣùgbọ́n wíwú rẹ̀ ti ń lọlẹ̀, ó sì ń di abẹ́rẹ́ mú. Nọ́ọ̀sì ní kí ó tún na ọwọ́ kó gé afẹ́fẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣí ọwọ́ tán.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, àbúrò wọ ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó kó aṣọ ibùsùn mẹ́ta lọ́wọ́, etí wọn ti tú. Ó gbé wọn sórí tábìlì. Okùn kan yọ lára ọ̀kan, àbúrò sì na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí dúdú náà láìronú.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ọwọ́ dúró sínú afẹ́fẹ́. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Aránṣọ fi orí júwe ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àbúrò lọ síbẹ̀, ó mú àlùmọ́gàjí tuntun náà, ó gé okùn.

"Kò mú rárá."

"Irin ìgéwébẹ̀ ni. Ọkọ mi ló rà á."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu àbúrò, ó pa á mọ́. Ó fọwọ́ tọ́ aṣọ ibùsùn náà. "Ẹ bá mi ṣẹ́ etí wọn."

"Ìgbà wo lo fẹ́ gbà wọ́n?"

Àbúrò fi àlùmọ́gàjí tuntun náà kọ́ padà sára ìṣó. "Kò kánjú," ni ó wí, ó sì lọ.

Aránṣọ tẹ́ aṣọ àkọ́kọ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, ó ṣí irin ìyá rẹ̀ tán. Ó gé e títí dé ibi tí àlàfo wà tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, ó ń retí "kẹ́." Irin kò sọ nǹkan kan. Ó pòṣé, ó sì gé e kọjá.